Yorùbá Tí Ìyá Rẹ Kò Kọ́ Ọ

Ẹni tó bá délé sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé Yorùbá lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, kó ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Ìyá á kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Bàbá á ní, "Èwo ni Yorùbá tún jẹ́? Èyí tí ò ń sọ láti kékeré yìí náà?" Àbúrò tó wà nítòsí á ti bú sẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá wà ní ìjókòó, òun ni yóò bá wọn parí ẹ̀: "Ẹ má dá a lóhùn jàre, ẹ ní kó lọ ka Lọ́ọ̀." Lọ́ọ̀, ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ sí ìwé kíkà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ẹ̀ka Yorùbá ni kò sì yan ẹ̀ka náà fúnra wọn. Nǹkan mìíràn ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì wọn kò tó, yunifásítì wá tì wọ́n síbi tí àyè wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí wọ́n ń kọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní Lìǹgúísíìkì làwọn ń kà, nítorí ìyẹn dún bíi nǹkan gidi létí aládùúgbò.

N kò bá àwọn tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jà. Ìbéèrè gidi wà lábẹ́ ẹ̀rín wọn: kí ni olùkọ́ kan fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ẹni tó ti ń fi èdè náà tọrọ omi kó tó mọ ìrìn í rìn? Èsì tèmi ni pé etí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn etí ló kan ọwọ́. Ẹni tó ń sọ èdè kì í sábà gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n fi èdè náà sọ ló ń gbọ́, ó ń fèsì, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Kí ènìyàn tó lè dúró gbọ́ èdè fúnra rẹ̀, bó ṣe ń dún, bó ṣe ń so kọ́ra, ohun tó ń fò àti ohun tó ń gbé mì, ó di kí wọ́n kọ́ ọ. Ti etí yìí, àwọn yunifásítì wa ti ń ṣe é láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ti ọwọ́ ni mo ní ẹjọ́ díẹ̀ lé lórí, n óò débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó ń ṣì í pè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni "kọ", ohùn àárín ló sì ní, a máa ń sọ pé "kọ ìwé". Níbo wá ni ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "kọ̀" nínú akọ̀wé ti wá? Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, á dákẹ́, á máa wò wọ́n. Ẹnì kan á ní àṣìkọ ni. Ẹlòmíràn á ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́ nìyẹn. Nígbà tó bá yá, ẹnì kan tó ń pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ lábẹ́ èémí á ta gìrì: fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ "ìwé" ló jábọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ kò bá a jábọ́, ó fò sórí ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níwájú rẹ̀. Ó dáa, kí wá ló dé tí "rí ìwé" fi di "ríwé" tí ohùn òkè orí "rí" kò yẹ̀? Níbo ni ohùn ìsàlẹ̀ tibẹ̀ lọ? Ẹ pè é sókè, kí ẹ fi etí sí "wé": ó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí ohùn òkè tó ṣáájú rẹ̀. Ohùn tí a kò kọ sílẹ̀, tí a kò sì pè, ṣì ń fa èyí tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Odindi àpilẹ̀kọ ni Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí ohùn ìsàlẹ̀ tó sọnù yìí ní ọdún 1966, ọdún kan náà tí ìwé gírámà Yorùbá tó kọ jáde láti Cambridge. Ọmọ tó bá ti rí i báyìí lẹ́ẹ̀kan kò ní í lè ka ìwé ìròyìn ní wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà dúró lé: èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Lábẹ́ èdè ni wọ́n ti ń kọ́ ìró, ohùn, ìhun gbólóhùn, ẹ̀ka-èdè láti Ìjẹ̀bú dé Èkìtì dé Ọ̀yọ́, àti ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rú lójoojúmọ́. Lábẹ́ lítíréṣọ̀ ni ti alohùn àti ti àpilẹ̀kọ wà. Lábẹ́ àṣà ni ìgbéyàwó, ìsìnkú, oyè jíjẹ, ẹ̀sìn ìbílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́. Ká sọ òótọ́, ẹsẹ̀ kẹta yìí ló máa ń ro jù. Níbi tí olùkọ́ bá ti ń pe àṣà fún wọn láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tó ti pọ́n, wọ́n á kàn há ìsọ̀rí ìdána sórí ni, bẹ́ẹ̀ ìdána gidi ń lọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé ní òpópónà kejì, pẹ̀lú alága ìjókòó àti alága ìdúró tí wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu ara wọn. Àwọn alága wọ̀nyí gan-an tó kí ènìyàn jókòó tì fún ọdún kan.

Ọ̀nà tí Yorùbá gbà wọ yunifásítì kò tẹ́jú. Ọdún 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọmọ Ìbàdàn ti lè kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oyè kankan tó lè gbà nínú èdè tí wọ́n fi ń nájà nígboro. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí gbogbo wa mọ̀ lónìí sí ọ̀gá nínú eré onítàn Yorùbá, èdè Faransé ló kà ní Ìbàdàn. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka àwọn òǹkọ̀wé Paris lọ́sàn-án ló ń kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lóru, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé náà kò jáde títí di 1970. Lẹ́yìn ti Faransé ló tó lọ gba oyè kejì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó, tó sì wá di olùkọ́ ní Ifẹ̀.

Ẹni tó ti wà l'Ékòó tó ń palẹ̀ ọ̀nà mọ́ ni Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodu, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Igbobi rí. Ìjálá ni Babalọlá gbé tọ àwọn òyìnbó lọ ní London, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí àkóónú àti ìṣọwọ́kéwì ìjálá jáde ní 1966, ẹnu àwọn tó ń sọ pé ariwo ọdẹ lásán ni wọ́ wálẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, tó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹsẹ Ifá. Òun ni Yunifásítì Èkó kọ́kọ́ fún ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ wọn, ní 1970. Nígbà tó di 1982, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì wà nípò náà títí di 1989. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ọmọ yín pé kí ni Yorùbá fẹ́ fún un jẹ, ẹ gbọ́: ọkùnrin tó ka Ifá ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àwọn dókítà àti ẹnjiníà fún ọdún méje.

Ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ṣe lẹ́yìn náà ni mo kà sí akin jù lọ. Wọ́n ní Yorùbá ni àwọn yóò máa fi kọ́ Yorùbá. Ó rọrùn lẹ́nu. Kí ni ẹ fẹ́ pe gbogbo irinṣẹ́ onímọ̀ èdè, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì, Látìn àti Gíríìkì ló ti wá? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n tún jiyàn, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá sì jáde lábẹ́ àbójútó Bámgbóṣé ní 1984, ìkejì lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990. Àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá kò tíì wọ ẹnu ẹnikẹ́ni dòní, àwọn mìíràn sì ti di ti gbogbo ayé débi pé ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó ń pe "ọ̀rọ̀-orúkọ" rò pé Odùduwà ló kó o wá. Láàárín 1977 sí 1984, òyìnbó obìnrin kan wà nínú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ní Ifẹ̀ tó ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá. Karin Barber ni. Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní Cambridge, ó wá sí Ifẹ̀ wá gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó lọ gbé ní Òkukù, ó sì jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì níbẹ̀ títí ìwé rẹ̀ ńlá fi jáde ní 1991. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí olùkọ́ kan bá ní Yorùbá kò gba àlàyé ìjìnlẹ̀.

Lítíréṣọ̀ alohùn ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí, níbẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí JAMB tì wọlé ti máa ń yí ọkàn padà. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń dà wọ́n láàmú ni ìsọ̀rí. Gbogbo wọn wọlé pẹ̀lú èrò pé oríkì lọ́tọ̀, ìjálá lọ́tọ̀, ẹkún ìyàwó lọ́tọ̀, bí ẹni to abọ́ sórí pẹpẹ. Ọlátúndé Ọlátúnjí ti Ìbàdàn ló tú u palẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1984: àwọn ewì kan wà tó jẹ́ pé ìhun àti àkóónú wọn la fi ń dá wọn mọ̀, irú oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí ohùn ṣe ń gbé wọn jáde la fi ń mọ̀ wọ́n, irú ìjálá, rárà, iwì eégún àti ẹkún ìyàwó. Ìdí nìyẹn tí oríkì kan náà fi lè wà lẹ́nu ọdẹ, kó wà lẹ́nu ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ, kó tún wà lẹ́nu ọ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn ló yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò gbọ́ nǹkan mìíràn nígbà tí onírárà bá dúró síwájú rẹ̀ níbi àríyá, kódà bó jẹ́ pé owó ni onítọ̀hún ń wá.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á rán wọn jáde lọ gba ohùn sílẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ròyìn fún mi nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó lọ bá bàbá ọlọ́dẹ lábúlé. Ọmọ náà ti múra dáadáa: ó mú ọtí àti obì dání, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Bàbá gba ọtí, ó ta díẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ta ni kí n sun ún fún?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣáà sun ìjálá, Bàbá. Mo fẹ́ gbà á sórí fóònù ni, sà."

"Mo gbọ́. Ta ni kí n sun ún fún?"

"Kò sí ẹnì kan pàtó, sà."

Bàbá wo fóònù tí ọmọ náà gbé sórí àpótí. "Ṣé èyí ni kí n máa kì?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá wá ní kò burú, òun yóò sun ún fún àlejò òun. Ọmọ ta ni? Ọmọ náà sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá ní ìyẹn kọ́ lòun ń bèèrè, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lòun ń bèèrè. Kò mọ̀ ọ́n. Ó wà ní ọdún kẹta, ó ti ṣe ìdánwò lórí oríkì orílẹ̀, ó sì gba máàkì tó dára níbẹ̀, kò mọ tirẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ìyá tó ti fìgbà kan ní kó lọ ka Lọ́ọ̀. Ìyá ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ṣàlàyé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í lórí fóònù, kò sì dákẹ́ bọ̀rọ̀; bàbá ọlọ́dẹ nawọ́ gba fóònù, ó gbé e sétí, ó ń mi orí. Obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n látijọ́, kò sẹ́ni tó bi í rí nínú ilé. Nígbà tí ìjálá bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀ ọmọ náà ni bàbá fi ṣí i.

Iṣẹ́ gidi wá kù nílé, níbi tó ti fẹ́ kọ ohun tó gbà sílẹ̀. Fóònù kò mọ ìjálá yàtọ̀ sí adìyẹ. Ikọ́ wà níbẹ̀. Elégbè tó ń dá sí i pé "Bẹ́ẹ̀ ni" wà níbẹ̀. Ẹnì kan yà wọlé láàárín, bàbá kúrò lórí ohun tó ń sọ, ó ki ẹni náà ní ìlà mẹ́rin, ó padà síbi tó wà. Ṣé kí ọmọ náà yọ àlejò yẹn dànù, àbí kó fi í sílẹ̀? Bó bá yọ ọ́, ewì náà á mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Níbo ni yóò ti gé ìlà? Bó bá tẹ̀ lé èémí bàbá, ìlà kan á gùn wọ òpin ojú ìwé, òmíràn á jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bó bá tẹ̀ lé ìtumọ̀, á dọ́gba lójú, ṣùgbọ́n ìgbòkègbodò ohùn á sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì yóò bí ewì méjì sórí bébà láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin tó kọ́ni ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní UNESCO, kò fi ìgbà kan sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí: ó ní àwọn onímọ̀ ń hùwà sí ewì alohùn bí ẹni pé ìwé ni látilẹ̀wá, wọ́n sì ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé ọmọ náà tún wà. Ó padà lọ bá bàbá, bàbá sì ní, "Bí èmi náà ṣe bá a nìyẹn." Barber rí irú èyí ní Òkukù: àwọn obìnrin ló ń ki oríkì, ìtàn tó sì wà nídìí oríkì, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin ló sábà máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí méjèèjì yé òun, ilé méjì ni yóò yà sí. Èyí kì í sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ ń pè fún wọn.

Nígbà kan, wàhálà mìíràn tún ń dúró dè wọ́n lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ìjọ́un kò mọ ẹ̀, ọ̀ àti ṣ, kò mọ àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ atẹ̀wé á jókòó ti báírò, á máa fi ọwọ́ to àmì sórí àti sábẹ́ lẹ́tà, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ ṣí àwọn iṣẹ́ oyè àtijọ́ ní ilé ìkàwé èyíkéyìí, ẹ ó rí àwọn àmì tó ti ń ṣá. Kọ̀ǹpútà ti gba èyí lọ́wọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń rí iṣẹ́ oyè ọdún yìí tí àmì rẹ̀ fọ́n káàkiri nítorí pé fọ́ǹtì ilé kò bá ti ibi ìtẹ̀wé mu.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ Yorùbá yóò lè sọ fún ọ pé ìtàn kan ní ẹ̀dá ìtàn báyìí, ìbúdó ìtàn báyìí, ọgbọ́n ìsọ̀tàn báyìí. Yóò lè ka àfiwé àti àwítúnwí inú ewì kan bí ẹni ka ayò. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀, ó lè jẹ́ pé láti ọdún kìíní dé ìkẹrin, wọn kò ní kó kọ ìtàn kan ṣoṣo rí, tàbí ewì kan, tàbí ìran kan nínú eré. "Jíròrò lórí" ni ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn láti yẹ oúnjẹ wò, wọn kò jẹ́ kí wọ́n dáná. Mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n kan léèrè, ó ní wọn kò lè kọ́ ènìyàn ní ẹ̀bùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n lè kọ́ ọ ní síńtáàsì?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn.

Ẹ wo bí àwọn òǹkọ̀wé wa ṣe wáyé. Olùkọ́ ilé-ìwé ni Fágúnwà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ St Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló sì lọ. Ìdíje tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ló mú un kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Olùkọ́ ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà, ẹni tó fi Àjà Ló Lẹrù gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ ìgboro Ìbàdàn ní 1969. Yunifásítì náà kò ṣàì ní tirẹ̀. Afọlábí Ọlábímtán tó kọ Kékeré Ẹkùn ní 1967 di ọ̀jọ̀gbọ́n l'Ékòó kó tó di sẹ́nétọ̀. Ìṣọ̀lá sì kọ Ó Le Kú ní 1974, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò mọ èwo ni kó fẹ́. Ẹni tó bá rò pé Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ nípa yàrá akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà ìfẹ́ àti ìdánwò àṣekágbá, kó lọ ka ìwé yẹn. Nígbà tí Túndé Kèlání fi í ṣe fíìmù ní 1997, ìró àti bùbá kúkurú inú rẹ̀ gba ìgboro, títí dòní àwọn aránṣọ ṣì ń pè é ní oleku. Ìwé kíláàsì wo ló tún ṣe irú rẹ̀? Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí tí kòrikúlọ́ọ̀mù bí. Ìdíje, orí ìtàgé, rédíò àti ìfẹ́ ọkàn ló bí wọn.

Ìdíje ti dín kù báyìí, ọjà ìwé Yorùbá náà sì ti rọ. Àwọn atẹ̀wétà kì í fẹ́ tẹ ìtàn àròsọ tí kò bá sí nínú ìwé kíkà ilé-ìwé, ilé-ìwé ló ń rà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ pé èdè abínibí kò pọn dandan mọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà, ẹni tó ń rà á dín kù. Ìpínlẹ̀ Èkó gbìyànjú: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2018 sọ Yorùbá di dandan nínú àwọn ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà. Ní tìjọba àpapọ̀, ó dà bí ẹni ń jó síwájú, jó sẹ́yìn. Ní Novẹ́ńbà 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Novẹ́ńbà 2025, wọ́n ti wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ a ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ wa níbí. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Gbogbo olùkọ́ Yorùbá ló mọ ìtàn yìí lórí. Ẹni tó ń ṣe òfin l'Ábùjá ni kò jọ pé ó gbọ́ ọ.

Ní ti iṣẹ́, èmi kò ní í tan ẹnikẹ́ni jẹ: ọ̀pọ̀ wọn ló ń di tíṣà, owó tíṣà sì ni a mọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà ní rédíò, wọ́n wà nídìí ìtúmọ̀, wọ́n ń kọ àkọlé sábẹ́ fíìmù, wọ́n ń kọ̀ròyìn. Nígbà tí BBC ṣí ẹ̀ka Yorùbá ní 2018, àwọn tó mọ àmì ohùn lò ni wọ́n ń wá. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó kọ́ ìmọ̀ èdè ní Ìbàdàn, dá YorubaName sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ènìyàn ti lè wá ìtumọ̀ orúkọ kó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Lókè òkun, wọn kò fi tiwa ṣeré. Ní Salvador ní Bàhíà, láti 1959 ni yunifásítì ìjọba ibẹ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ìmọ̀ Áfíríkà àti ìlà-oòrùn ayé, wọ́n sì ti ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọmọ ilé òrìṣà tó ti ń kọrin tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ wọn wà lára àwọn tó ń wá jókòó ní kíláàsì. Ìjọba Amẹ́ríkà náà sanwó fún àwọn ọmọ wọn wá sí Yunifásítì Ìbàdàn wá kọ́ Yorùbá lábẹ́ ètò Flagship. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kan tó kúnlẹ̀ kí ìyá olóúnjẹ, tó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà." Ọmọ Ìbàdàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ní, "Madam, rice and beans."

Ohun tí mo rò pé ó ṣeé ṣe kò le. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá tí gbogbo wọn ń kọ ní ọdún kẹrin, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi eré onítàn, ìtàn àròsọ kúkurú tàbí ìdìpọ̀ ewì ṣe é, pẹ̀lú àlàyé ojú ìwé díẹ̀ lórí ohun tó gbìyànjú láti ṣe. Ẹ̀ka eré orí ìtàgé ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn fi eré tí wọ́n gbé kalẹ̀ gboyè, ilé kò sì wó. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó ní kò dára. Ohun tí wọ́n ń bi mi ni bí wọn yóò ṣe fún un ní máàkì, àti ẹni tí wọn yóò pè láti ìta wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan nínú wọn tún gbé e gba ibòmíràn: bí olùkọ́ bá kọ ìtàn àròsọ, ṣé ìgbìmọ̀ ìgbéga yóò kà á bí wọ́n ṣe ń ka àpilẹ̀kọ inú jọ́nà? Ìdáhùn tó wà lójú gbogbo wọn ni pé rárá. Ẹni tí wọn kò ní í gbé ga nítorí ìwé tó kọ, agbára káká ni yóò fi rí àyè kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró dè wọ́n. Ẹ wo Facebook àti WhatsApp lálẹ́, ẹ ó rí ìtàn àròsọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé jáde ní apá kìíní, apá kejì, apá kẹtàlélógún, tí àwọn òǹkàwé ń pariwo lábẹ́ rẹ̀ pé "Admin, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó kù dà?" Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo, àkọtọ́ rẹ̀ sì lè mú orí fọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú wọn sókè. Etí àwọn kan nínú àwọn ọmọ yìí ti là. Ọ̀kan wà ní ọdún kejì ní ẹ̀ka Yorùbá tí mo mọ̀, ìtàn rẹ̀ ti kọjá ogójì apá, àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì sì wà lára àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ fún èyí tó kù, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n fi ń kà á. Máàkì tó gbà nínú lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ ní sáà tó kọjá kò tó àádọ́ta.